Orúkọ Ta Ni Kí N Fi Ta Maṣíìnì Mi?

Ọ̀gbẹ́ni olóòtú, ẹ kú làálàá orí afẹ́fẹ́ o. District Heights, ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà níbí, ni mò ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Mo gbé maṣíìnì ìránṣọ mi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé mo fẹ́ tà á. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀wé sí mi ní Ethan lòun ń jẹ́. Ó ní òun máa fi sọ̀wédowó tó ju iye tí mo pè lọ ránṣẹ́, kí n wá fi èyí tó bá ṣẹ́ kù ránṣẹ́ sí awakọ̀ tó máa wá gbé e. Ẹ̀rín pa mí. Mo fèsì pé owó tí mo lè kà lọ́wọ́ ni mò ń gbà, lọ́sàn-án gangan, níwájú àgọ́ ọlọ́pàá. Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Obìnrin òyìnbó kan ló tún pè. A ti fẹnu kò tán kó tó béèrè orúkọ mi. Ó ní níbo nirú orúkọ yẹn ti wá? Mo ní Nàìjíríà. Ló bá pa fóònù.

Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ kàn kọ orúkọ òyìnbó bíi Stephanie síbẹ̀." Bàbá rẹ̀ náà fara mọ́ ọn. Mo ní láéláé! Ṣebí orúkọ òyìnbó lẹni tó fẹ́ lù mí ní jìbìtì náà lò?

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé mo ṣàṣejù ni?

Ọ̀gbẹ́ni olóòtú, mo tún lẹ́tà yìí kà, ojú tì mí. Ẹ dárúkọ mi o. Ànúolúwapọ̀ Ìgè ni mò ń jẹ́, ẹ pè é kó já geere. Maṣíìnì náà ṣì wà nílẹ̀.