Eyín Ìbùkún Kò Rí Òrùlé

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lórí wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàámi níbi tí wọ́n jókòó sí ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo sì kí Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti gbogbo àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn.

Mo ní kí n fèsì sí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ní tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, kí n kó Ìbùkún àti Dèjì wá sí Ìjerò, kí n fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín títí ìyá wọn yóò fi rí ìwé tí yóò fi kó wa lọ bá òun ní ìlú òyìnbó. Ẹ ní ọkùnrin kò lè dá nìkan máa di irun ọmọ, kó máa po ẹ̀kọ, kó tún máa lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n rò ó ná. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ kà á kà á, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni òbí tó ń dá tọ́mọ lẹ́yìn odi.

Iṣẹ́ ń lọ. Bàọ́lọ́jì ni mo ṣì ń kọ́ wọn ní ilé-ìwé girama tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé Kankon, létí òkun níbí. Òjò ti dé. Tó bá dá tán, afẹ́fẹ́ á gbé iyọ̀ wá láti inú òkun, iyọ̀ náà á sì máa jẹ gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ irin: kọ́kọ́rọ́, ìdè ilẹ̀kùn, páànù orí ilé. Àwa tí a dàgbà láàárín òkè kì í tètè mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lè jẹ nǹkan.

Ariwo pọ̀ nínú ilé mi, Màámi, síbẹ̀ ó dá páropáro. Mo ní ìwé púpọ̀, mo sì ń kà wọ́n, ṣùgbọ́n ìwé kì í béèrè bí ọjọ́ ṣe rí lọ́wọ́ ẹni. Àwọn ọmọ ti gbọ́ èdè Ègùn lẹ́nu àwọn ọmọ onílé wa ju bí mo ṣe rò lọ. Tí wọ́n bá ń jà, Ègùn ni wọ́n fi ń jà. Wọ́n á wá dúró níwájú mi pé kí n dájọ́, èmi tí n kò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni sọ. Mo máa ń sọ pé àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi. Wọ́n á wojú ara wọn, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á tún sọ ọ̀rọ̀ kan ní Ègùn. Èmi ni wọ́n ń sọ, ó dá mi lójú.

Ìyá wọn sọ fún Dèjì lórí fóònù pé òtútù ń mú òun. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, mo wá fóònù mi títí, n kò rí i. Àṣé Dèjì ti gbé e sórí ìrọ̀rí, ó fi aṣọ ìbora rẹ̀ bò ó dé ọrùn, ó sì ní kí n má pariwo. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo bi ara mi léèrè irú ìyá wo ló wà nínú orí ọmọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ eyín ni mo fẹ́ sọ gan-an. Eyín iwájú Ìbùkún tó ti ń mì tipẹ́ yọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àgbàdo sísè ló yọ ọ́. Ó dì í mọ́wọ́, ó sá tọ̀ mí wá, ó ní kí n tètè wo ògiri bóyá alángbá wà níbẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un bí ẹ ṣe máa ń ṣe é fún wa: kí ọmọ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ iye ọdún rẹ̀, kó pa á pọ̀ mọ́ eyín náà, kó jù ú sórí òrùlé, kí alángbá má sì rí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eyín náà kò ní hù mọ́.

Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí. Mo fà á mọ́ra, mo ṣàlàyé pé eyín tuntun ti wà lábẹ́ èrìgì rẹ̀, pé kò sí ohun tó kan alángbá níbẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó wá bi mí pé ṣé mo ti rí eyín náà lábẹ́ ibẹ̀. Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, alángbá náà kò tíì rí i, kí a jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀kan yọrí lára ògiri, tó ń mi orí. Màámi, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi bo ọwọ́ ọmọ náà kíákíá. Gbogbo ìwé tí mo kà kò dá ọwọ́ mi dúró.

Ṣùgbọ́n a kò rí òrùlé. Ìyá Sẹ̀tọ́njí, onílé wa, ti kìlọ̀ fún gbogbo ayálégbé pé ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ ju òkúta sórí ilé, nítorí iyọ̀ ti jẹ páànù náà di hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́. Ìbùkún ronú, ó wá bi mí níbi tí eyín tèmi wà. Mo ní orí òrùlé yín ni, tèmi àti ti Ẹ̀gbọ́n. Ó ní tiẹ̀ náà á lọ síbẹ̀ nìyẹn. Ó tọ́jú rẹ̀ sínú páálí ìṣáná.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yín ti rí èsì. Mo gbé àpò gánà-mọ́ṣì-gò tí mo rà ní ọjà Agbalata sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ wọn. Dèjì kó bàtà mi wá pé kí n fi sí i. Mo ní Dádì kò ní dúró níbẹ̀ o. Ó bi mí pé ta ni yóò máa bó ẹyin fún òun. Mo ní Màámà Ìjerò ni. Ó ní ta ni yóò wá máa jẹ pupa ẹyin òun. Ẹ mọ̀ pé kì í jẹ pupa ẹyin, èmi ni mo ń bá a jẹ ẹ́.

Àpò náà ń rùn, mo sá a sóòrùn. Ìyá Sẹ̀tọ́njí rí i, ó bi Ìbùkún pé níbo ni wọ́n ń lọ. Ìbùkún ní àwọn fẹ́ lọ ju eyín ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní Tíṣà, ṣé nítorí páànù òun ni mo ṣe fẹ́ gbé eyín wọ mọ́tò dé Èkìtì? Ó ní orí ilé yìí kan náà ni eyín Sẹ̀tọ́njí wà, òkúta lòun kọ̀, òun kò kọ eyín. Ìbùkún yarí pé láìsí òkúta, kò lè ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì dúnàá-dúrà bí ẹni wà lọ́jà, wọ́n sì fẹnu kò sí hóró àgbàdo, bí Ìbùkún bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà á. Ó jù ú. Adìẹ sá wá ṣa àwọn àgbàdo tó yí wálẹ̀, ṣùgbọ́n eyín dúró sókè. Dèjì ní kí eyín náà sùn dáadáa. Ìyá Sẹ̀tọ́njí ní láti òní lọ, tí òun bá fẹ́ pààrọ̀ páànù, Ìbùkún lòun á kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nǹkan kan wó nínú mi. Mo rí i pé àwọn ọmọ mi ti nílé níbi tí èmi ṣì jẹ́ àlejò.

Èsì mi rèé, Màámi. A ó wá, àwa mẹ́ta, a ó lo ìsinmi náà lọ́dọ̀ yín, ẹ ó di irun Ìbùkún bó ṣe wù yín. Tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé, èmi àti àwọn ọmọ ni a ó jọ padà. Kì í ṣe pé n kò fọkàn tán yín, ẹ má bínú sí mi, ẹ sì bá mi ṣàlàyé fún Bàámi. Mo mọ̀ pé kí n lè sinmi ni ẹ ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, kí n tó kan ilẹ̀kùn ni àwọn méjèèjì ti ń sáré bọ̀. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo etíkun yìí tó mọ ìró ẹsẹ̀ mi.

Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ máa dùn yín lásìkò òjò yìí. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé, kí ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì kí ẹni tó bá béèrè mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Kọ́lá