Àkàrà Tí Mo Dín fún Olórí Wọn

Bàbá Zahra,

Lánàá ni awakọ̀ ọ̀gá mi, ará Pakísítánì, sọ fún mi pé òní ni ọjọ́ olórí wọn tó gba òmìnira fún ilẹ̀ wọn, àti pé ó ti kú. Mo bá jí dín àkàrà sàráà, bí a ti ń ṣe fún òkú nílé. Nígbà tí awakọ̀ náà rí abọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ọjọ́ ìbí olórí náà ni, kì í ṣe ọjọ́ ikú rẹ̀.

Àkàrà náà ló wà nínú abọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí yín yìí. Ẹ fún àwọn ará ilé, ẹ má sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ má jáde mọ́. Ọlọ́pàá ń béèrè ìkámà, ìwé ìgbélùú, ní àdúgbò Rùwáìsì.

Awakọ̀ náà ní ìsinmi ni òní nílùú wọn, àmọ́ ní tèmi, èmi ni màá fọ abọ́ àwọn àlejò ọ̀gá mi. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ ṣàdúà fún olórí wọn ṣá, kí ẹ sì bá mi bẹ Ọlọ́run kí àwọn àlejò náà tètè lọ.

Bùsírátù