Ẹ Kú Iṣẹ́ Ló Kún Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Bàbá mi tó fi wàhálà sílẹ̀ fún mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ kí yín dáadáa. Ìkíni ti sú mi. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Píánò yín ń lọ ní Sátidé. Màámi ti gba yàrá kan ṣoṣo ní Ìgándò, ilẹ̀kùn ibẹ̀ ò sì lè gbà á wọlé, ká má tíì sọ ibi tí a máa gbé e sí. Ìjọ kan ní Ìpájà ló fẹ́ wá gbé e. Mi ò bá Màámi jà. Ohun tó ń dùn mí ni orin yẹn, èyí tí ẹ máa ń tẹ̀ nírọ̀lẹ́ tí Màámi bá ń bó ẹ̀wà, tí ẹ ò sọ lórúkọ, tí ẹ ò kọ síbì kankan. Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ sílẹ̀, Bàbá? Ẹ̀yin odindi tíṣà! Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bọ́sẹ̀, nìkan ló mọ̀ ọ́n, òun náà sì ní ìka òun ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe orí òun. Tí píánò bá ti lọ, ìka á gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì.

Mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni ṣá.

Mo yá rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì Bàbá Kúdí, télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. A ò ní kásẹ́ẹ̀tì òfìfo, mo bá mú èyí tí wọ́n gba ìwàásù sí, mo fi bébà dí ihò méjèèjì orí rẹ̀ kó lè gba ohùn tuntun. Pásítọ̀ á dárí jì mí. Mo sá bátìrì sóòrùn kó lè tún lágbára díẹ̀, torí tí a bá ki wáyà rédíò yẹn bọ iná, ó máa ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Mo gbé rédíò lé orí píánò, ohùn tó jáde dà bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ láńlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ ju píánò lọ. Ìgbà tí mo tú pákó ẹ̀yìn píánò, tí mo gbé rédíò lé ìrọ̀rí níbẹ̀, tí mo fi fóòmù yín dí fèrèsé kan, ohùn wá ń jáde kete-kete. Fèrèsé kejì la ṣí sílẹ̀, kọ́tìnì nìkan ló wà níbẹ̀, kí ooru má baà pa Àǹtí.

Fèrèsé yẹn ló ba tiwa jẹ́. Ọ̀nà tí gbogbo ará àdúgbò wa ní Bàrúwà ń gbà lọ pọnmi ló kọjú sí, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì lè gbúròó ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Àǹtí ò tíì dé àárín orin tí Bàbá Kúdí fi dé, ẹni tó ni rédíò o!

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Tíṣà! Ṣé rédíò mi ń gbà á?"

Àǹtí fi píánò sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ ṣé o, sà. Ó ń gbà á, sà."

Ó kúnlẹ̀ fún kọ́tìnì! Ta ló ń rí i? Ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹ̀yin lẹ ní a kì í fi ìkíni àgbà sílẹ̀ láìdáhùn, kódà bí ilé bá ń jó.

Mo jáde lọ bẹ gbogbo ilé pé kí wọ́n dákẹ́ fún wa díẹ̀. Wọ́n gbà. Láńlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ wá dúró lábẹ́ fèrèsé, ó ń lé àwọn ọmọdé: "Ẹ dákẹ́ o! Wọ́n ń gba orin Tíṣà sílẹ̀! Ẹni tó bá tún húkọ́, ilé mi kọ́ ló máa sùn!" Gbogbo rẹ̀ ló wọlé sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ jàre." Àǹtí tún kúnlẹ̀.

Mo wá dá ọgbọ́n. Ẹ mọ̀ pé kò sí ohùn ẹni tí mi ò lè fi sọ̀rọ̀. Mo jókòó sábẹ́ fèrèsé níta, ẹni tó bá kí, èmi ni mò ń fi ohùn Àǹtí dáhùn pé "Ẹ ṣé o, mà," kí òun lè máa bá iṣẹ́ lọ. Ó ń lọ dáadáa, àfi ìgbà tí Ìyá Kúdí béèrè pé, "Bọ́sẹ̀, ìgbà wo la máa jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó rẹ gan-an?" Ẹnu mi ò gbọ́. Mo ní, "Lóṣù tó ń bọ̀, mà, ẹ wá ìkòkò ńlá." Orin dúró gìrì. Sálúbàtà ló kọ́kọ́ gba fèrèsé jáde.

Fúráìdè nìyẹn. Bátìrì ti ń kú lọ. Àǹtí jókòó sórí àga yín, ó ń sunkún, ó ní ká gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, tí kò bá ṣeé ṣe, ká jẹ́ kó máa lọ.

Gbogbo ilé dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ewúrẹ́ pàápàá. Ó ti ń dé ibi tí ẹ máa ń di ojú yín, ni Ìyá Onígaàrí bá yọ, tòun ti báàgì lórí. Ìlọrin ló ti ń bọ̀, ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó kí ẹ tó kú. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún un. Mo ń ju ọwọ́ méjèèjì sí i pé kó dákẹ́, ó rò pé mò ń kí òun káàbọ̀ ni. Ó gbé ẹnu sẹ́bàá kọ́tìnì:

"Tíṣà! Ẹ kú iṣẹ́ o! Àárò orin yín sọ mí. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

Ohùn yín wà lọ́fun mi, Bàbá. Ó wà níbẹ̀ tòun ti ikọ́ kékeré tí ẹ máa ń wú kí ẹ tó dáhùn. Ìyá náà kì bá tí fura. Ẹnu mi ò là. Kí ló dé tí ẹ ò dá a lóhùn? Mo mọ̀ pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n inú bí mi sí yín nígbà yẹn ju bó ṣe bí mi sí gbogbo àdúgbò lọ.

Mò ń retí kí píánò dúró. Kò dúró. Àǹtí ò dìde, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó ní, "Wọn ò sí mọ́, mà. Èmi ni."

Ìyá náà sọ báàgì kalẹ̀. Kò pariwo. Ó jókòó tì mí nínú eruku, ó di ọwọ́ mi mú títí orin fi parí.

Màámi ti gbọ́ ọ. Nígbà tó dé ibi tí Àǹtí ti dáhùn, ó ní ká dá a padà sẹ́yìn, kí òun tún un gbọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tí inú ṣì ń bí, tó sì fẹ́ràn yín bẹ́ẹ̀ náà.