Orin Tó Fọ́nká Sínú Fóònù Àdúgbò

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń kọrin náà wà? Àwa náà ń mí, a sì ń dúpẹ́. Ẹlẹ́dàá tó fi ohùn sí ọ lọ́fun kò ní jẹ́ kí ó há, àmín. Òrùlé kíṣíńnì ti ń jò, àbúrò rẹ ti bí ọmọkùnrin, ariwo rẹ̀ sì jọ tìẹ gan-an.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé ọkàn mi ò balẹ̀. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní kí n wá wo ọmọ mi. Mo rí ọ lóòótọ́, o gbé gìtá dání, o ti rù, o lanu, orin bẹ̀rẹ̀, kí n tó fa àga, ó ti gé, o tún ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo kígbe pé ọmọ mi ò ní èémí mọ́. Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní bí wọ́n ṣe ń kọrin nìyẹn báyìí, pé àwọn èèyàn kì í dúró gbọ́ odindi orin mọ́, díẹ̀ ni ẹ ń fún wọn tọ́ wò. Ṣé òótọ́ ni?

Mo dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ibòmíràn nínú orin náà ló wà nínú fóònù tirẹ̀. Ìyá oníkẹ́míìsì náà ní ti tirẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé ẹ pín orin náà káàkiri kí ó lè kárí. Mo bá pe gbogbo wọn sí pálọ̀, mo tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì, mo ní kí télọ̀ kọ́kọ́ tẹ tirẹ̀, kí onígbàjámọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, kí oníkẹ́míìsì tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ́kọ́ dún pa pọ̀, ọmọ tuntun bú sẹ́kún, kó tó wá gún régé.

O mọ bàbá rẹ, láti ọjọ́ tí o ti fi sọ́ọ̀bù wẹ́dà rẹ̀ sílẹ̀ lọ kọrin, kò fẹ́ gbọ́ orin sétí. Ẹ̀yìn ilé ló wà tó ń jó ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé irin ò dún mọ́. Ó wá kan ti oníkẹ́míìsì, a gbọ́ ibi tí o ti ń kọ ọ́ pé bàbá rẹ sọ fún ọ pé, ló bá gé. Bàbá rẹ já wọlé tòun ti awò dúdú lójú, ó ní òun sọ pé kí ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Oníkẹ́míìsì ní ìyókù wà nínú yàrá kan nínú fóònù, pé àwọn olólùfẹ́ yín tó ń sanwó lóṣooṣù nìkan lẹ ń ṣílẹ̀kùn fún. Mo ní èmi tí mo bí i ńkọ́? Ó ní ilẹ̀kùn náà ò mọ ìyá. Bàbá rẹ yọ owó, ó nà án síwájú fóònù títí apá fi ń ro ó, fóònù ò gbà á. Wọ́n ní owó inú báńkì ló ń jẹ.

Nítorí náà, jọ̀wọ́ fi owó ránṣẹ́ sí oníkẹ́míìsì, kí a lè rí owó san fún yín. Fi ti òrùlé kún un. Olúwa á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, o ò ní rí ìjà ayé.

Bàbá rẹ dúró sẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Kì í sùn dáadáa mọ́. Ó ní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí òun sọ lọ́jọ́ tí ò ń lọ lo fi sínú orin náà, kí o má bínú, òun ti kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Ó ní kí o wálé wá gba òmíràn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.