Máàpù Abẹ́ Ìjókòó Alùpùpù

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé yàrá tí ò ń gbé kò jò mọ́, ṣé onílé ti tún páìpù yẹn ṣe? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi ò tó kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ìwọ àti iná, ìwọ àti irin gbígbóná, ẹ ò ní jà láéláé. Àwa náà wà. Ìyá rẹ wà, àfi pé kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ajá wa bí mẹ́rin, ọ̀kan ò ríran lójú kan, òun ló sì já fáfá jù nínú wọn. Òrùlé ìsọ̀ mi ṣì ń jò sórí pákó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òrùlé kọ́ ni mo jókòó kọ.

Ojú ń tì mí ni. Mi ò pè ọ́ nítorí ẹ̀rù fóònù ń bà mí báyìí, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo ti fà á ya, ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń ṣírò pákó ni mo wá ń kọ ọ́ sí, má wo àwọn nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́, ó di ọdún mẹ́fà báyìí, o pè mí, o ní injẹ́ṣọ̀n ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ta ni kò mọ injẹ́ṣọ̀n? Abẹ́rẹ́ ni. Mo dúpẹ́, mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ mi ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo kan àpótí kékeré fún ọ, mo kùn ún ní funfun, mo fi ọ̀dà pupa ya àgbélébùú sórí rẹ̀ kí o máa kó oògùn sí i, mo fi ránṣẹ́ sí ọ, o sì ní ó wúlò fún ọ gan-an. Mi ò purọ́ nígbà yẹn, Ọlọ́run mọ̀.

Ọdún kejì tí o wálé, orí ń fọ́ mi, mo ṣí àpótí náà láti wá oògùn, sípánà ni mo bá níbẹ̀, àti wáyà rẹpẹtẹ. Àṣé injẹ́ṣọ̀n tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń kọ́ ọ, mẹkáníìkì ni ọmọ mi. Mo ṣì ń wò ó nígbà tí télọ̀ òdìkejì yọjú lójú fèrèsé, mo bá sáré pa àpótí dé. Ibẹ̀ ni irọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mò ń sọ pé kí o máa wọ aṣọ funfun bọ̀ wálé, tí mo ní oòrùn tiwa mú ju tiyín lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oòrùn rárá.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ alùpùpù mi. Nígbà tí o wá kẹ́yìn, o yọ sálẹ́ńsà rẹ̀ tó ti jẹrà, o fi tuntun sí i, o tún yọ fílítà tó fi ń mí, o fi èyí tó lanu dáadáa rọ́pò rẹ̀. O ní ó ku máàpù inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí o máa pààrọ̀, pé ó ti ń mí ju bó ṣe ń jẹun lọ, epo tó ń mu ò tó atẹ́gùn tó ń fà. Wọ́n pè ọ́ pa dà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, o ní kí n má gùn ún títí o ó fi dé. Gbogbo rẹ̀ yé mi. Ní ti oúnjẹ, mo rọ epo kún táǹkì títí ó fi ń dà sílẹ̀. Ní ti mímí, mo fi aṣọ ìnujú ìyá rẹ dì í nímú díẹ̀. Ní ti máàpù, mo jókòó, mo ya ọ̀nà láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi tí wọ́n ti ń la pákó, mo fi afárá tó já hàn án, mo fi ilé tí ajá ti máa ń lé èèyàn hàn án, mo ká a, mo fi sábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí ẹ̀rọ tún lè fẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ilé ìtọ́jú aláìsàn tuntun, mátíròn ní kí àwọn òbí nọ́ọ̀sì wá jókòó níwájú. Mo gbé ìyá rẹ sẹ́yìn, a gbéra. Aṣọ ìnujú já bọ́ lọ́nà. Bí a ṣe dé géètì, alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn nídìí, àwọn aláboyún dìde sá, bàbá kan tí wọ́n gbé wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré wọlé, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ilé ìtọ́jú náà wò sàn. Lẹ́yìn náà ó kú síbẹ̀, alùpùpù ni mò ń wí. Mo tẹ fóònù láti pè ọ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo fi sápò. Mo rò pé fóònù tó bá ti wọ àpò ti sùn nìyẹn.

Mẹkáníìkì tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ wọn jáde wá, ó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ó wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀. Ó ní ẹni tó ṣe é mọṣẹ́, ibi tó jó irin pọ̀ dán, máàpù ló kù, ìyẹn òǹkà inú kọ̀ǹpútà tó ń wọn epo fún un, kó lè jẹun tó èémí rẹ̀. Ó bi mí pé ta ni. Mátíròn dúró níbẹ̀, télọ̀ dúró níbẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní ọmọkùnrin kan ni nílùú ńlá, tí kò rí iṣẹ́ gidi ṣe. Mátíròn wá béèrè ọmọ mi nọ́ọ̀sì, mo ní ó wà, ó ń gún abẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyá rẹ ń wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ láìsọ pé oúnjẹ dé.

Lọ́jọ́ kejì mo fẹ́ pè ọ́, wọ́n ní owó fóònù mi ti tán, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra káàdì. Mo lọ bá ọmọbìnrin tó ń ta káàdì, mo pè é lólè lójú gbogbo èèyàn. Kò bínú. Ó gba fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní bàbá, ẹ bá Àkọ́bí sọ̀rọ̀ lánàá, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo ní rárá, àpò ni mo fi sí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, inú àpò lẹ fi í sí. Kò rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí àga rẹ̀ láìgbàṣẹ.

Mo ti fi aago ìsọ̀ mi wo ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó gùn. O gbọ́ ọ tí mo sọ pé mi ò mọ̀ ọ́, o ò sì pa fóònù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí o ò pè, èmi sì ń sọ fún ìyá rẹ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò pé ọdún márùn-ún kó tó bá a, inú àpò mi ló sì jókòó sí.

Mo ti lọ sọ fún mẹkáníìkì pé ọmọ mi ni, obìnrin ni. Ó ní òun mọ̀. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi hàn mí lábẹ́ sálẹ́ńsà níbi tí o fi irin kọ ọ́ sí pé ti bàámi ni. Ó ti kà á lọ́jọ́ yẹn, ó kàn dákẹ́ ni. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ ọlọ́wọ́ rere, kí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá parí rẹ̀. Kò sí ibi tí ojú ti tì mí tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Dárí jì mí, ọmọ mi. Bàbá kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n bí o bá rí i tí bébà yìí rún, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́. Bí o bá máa wá, má wọ funfun. Wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ, èyí tó lépo lára, kí o sì gbé àpótí yẹn dání. Èmi ni màá gbé e wọ ọgbà ilé ìtọ́jú, màá gbé e sílẹ̀ níwájú mátíròn àti télọ̀, màá sì ṣí i.

Ní ti owó, mo ti pinnu pé mi ò ní béèrè, kí o má baà rò pé tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́. Òrùlé yẹn ò ju páànù mẹ́ta lọ. Má fi ránṣẹ́ o. Bí o bá wá fi ránṣẹ́, a ò ní dá a pa dà.

Ọwọ́ rẹ ò ní rọ. Iṣẹ́ tí o bá fọwọ́ kàn á yọrí. Wàá bí ọmọ tí yóò fi ọ́ yangàn lójú ayé, tí kò ní ṣe ọ́ bí mo ṣe ṣe ọ́.

Mo fi máàpù náà sínú lẹ́tà yìí. Mẹkáníìkì ní alùpùpù ò nílò rẹ̀. Mo ti fa ọ̀nà rẹ̀ gùn dé ibi tí bọ́ọ̀sì máa ń já ọ sí, mo sì ti pa afárá tó já rẹ́, wọ́n ti tún un ṣe. Mo mọ̀ pé o mọ ọ̀nà ilé. Mo kàn ní kí n fi í sí i ni.

Bàbá rẹ ni.