Òkú Tó Béèrè Omi Nínú Àgbàlá Wa

Èmi Fágbèmí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo di bírò mú. Màmúdù Àkànjí, àgbà agboolé tó kọjú sí tiwa ní Bẹ́yẹrúnkà, ló ń sọ̀rọ̀. Karimat, ọmọ wọn obìnrin tó ń bá àwọn onífíìmù ṣiṣẹ́ ní Èkó, ni wọ́n ń kọ lẹ́tà yìí sí, nítorí fọ́ọ̀mù kan tó gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Bàbá kò kàwé. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ bá wọn tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe, bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ ni kí n ṣe kọ ọ́. Mo ti gbà.

Karimat Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ o. Ṣé ara le, ṣé Èkó ò gbóná jù? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ níbi tí ẹlòmíràn ti ń rìn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Oríta tí o dúró sí yìí, o ò ní yà sí ọ̀nà tí àwọn tó ṣáájú ti ń sáré padà. Àmín. Kúlúsúmù ìyá rẹ kí ọ, ó ní orúnkún òun ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Muhydeen ọ̀rẹ́ mi tó ń rán fìlà kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, èkejì ní àmì funfun níwájú orí, òjò àkọ́rọ̀ sì ti ṣí páànù méjì lẹ́yìn ilé níbi tí ìyá rẹ ń kó èlùbọ́ sí. N ò ní sọ ti páànù púpọ̀ nísinsìnyí, mo ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Muhydeen dé ọ̀dọ̀ mi. Ó tẹ̀ ẹ́, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. O ní ẹ kú ilé o, bàbá mi. Mo ní o ṣeun, ṣé dáadáa lo wà. O ò dá mi lóhùn, o kàn ń bá tìrẹ lọ. Mo ní kó tún un tẹ̀, bóyá o ò gbọ́ mi. O tún sọ ohun kan náà, ọ̀rọ̀ kan ò yí padà, kódà ibi tí o ti wúkọ́ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ lo tún ti wúkọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo sọ fún Muhydeen pé ọmọ yìí lágídí, èmi gan-an ló jọ. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ohùn àná ni. Mo bi í pé bí ohùn àná ọmọ mi bá wà nínú fóònù tìrẹ, ohùn wo ni ọmọ náà fi ń sọ̀rọ̀ lónìí? Jọ̀ọ́, pè wá, kí n mọ̀ pé ohùn ṣì ṣẹ́ kù sí ọ lọ́rùn.

Kí o lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ yé mi, ohun tí mo gbọ́ nìyí. O ní ilé ẹ̀kọ́ fíìmù kan fẹ́ gbà ọ́, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú méjì. Yálà kí o kọ́ṣẹ́ olùdarí, ẹni tó ń sọ fún gbogbo òṣèré pé ẹ ṣe báyìí, ẹ má ṣe tọ̀hún, tàbí kí o kọ́ṣẹ́ oníkámẹ́rà, ẹni tó ń fi ojú ara rẹ̀ yan ohun tí gbogbo ayé máa rí. O ní wíwò lo fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ máa ń wà lẹ́nu rẹ nígbà tí o bá ń wò. O ní kí n yan èyí tí ọkàn mi bá gbà, kí n tẹ ìka sí fọ́ọ̀mù, torí pé o ò ní rin ọ̀nà tí bàbá rẹ ò mọ̀.

Ọmọ mi, méjèèjì ló ń bà mí lẹ́rù. O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rù náà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n o ò sí nínú ikùn mi, torí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú tèmi.

Nígbà tí ẹ wá ya fíìmù nínú àgbàlá wa ṣáájú ààwẹ̀, ìyá rẹ sọ fún mi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń bọ̀ wá ṣeré, mo sì rò pé orin àti ijó ni. Mo lọ sí Ọjà'ba lọ ra ẹ̀rúkọ́ tuntun. Nígbà tí mo padà dé, mo bá èèyàn nílẹ̀ tí wọ́n ti fi aṣọ funfun dì láti ẹsẹ̀ dé ọrùn, òwú wà nínú ihò imú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní mi, àwọn obìnrin ń sunkún yí i ká. Ẹnikẹ́ni ò kí mi káàbọ̀. Ìyá rẹ ń dáná fún yín lẹ́yìn ilé, n ò rí i. Ìwọ ni mo rí nídìí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. O di ojú kan, o ń fi èkejì wo òkú, omi kankan ò sí lójú rẹ.

Èmi bú sẹ́kún. N ò mọ òkú náà rí, ṣùgbọ́n òkú tó bá ti wọ agboolé ẹni, ó ti di ti ẹni. Mo bọ́ bàtà, mo kọjú sí Kíbúlà, mo ní kí àwọn ọkùnrin tò sẹ́yìn mi. Wọ́n wo ojú olùdarí yín, ọkùnrin tó dé fìlà tó kọ iwájú rẹ̀ sẹ́yìn yẹn, òun náà sì fi ọwọ́ júwe fún wọn pé kí wọ́n tò. Wọ́n tò. Mo kírun jánásà, ìrun òkú, fún un, mo pe Àláhù àkúbárù lẹ́ẹ̀mẹrin, n ò fo ọ̀kan. Bí mo ṣe ń sálámà tán báyìí ni mo gbọ́ ohùn rẹ tó ní, "Ẹ yọ òwú yẹn nímú ẹ̀!" Òkú bá dìde jókòó. Wọ́n tú gèlè tí wọ́n fi di àgbọ̀n rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun lómi.

Karimat, mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún, mo sì fo ìyá ewúrẹ́ kọjá lọ́jọ́ náà. Inú yàrá ìyá rẹ ni wọ́n ti wá bá mi, mo ti ti ilẹ̀kùn, mo gbé ẹ̀rúkọ́ dání. Olùdarí yín dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ mí pé ó dùn gan-an, pé kí n jọ̀ọ́ wá tún un kí lẹ́ẹ̀kan sí i, oòrùn ń lọ. Mo ní a kì í kírun òkú fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kò tíì kú. Mo ní ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà n ò sinmi. Ẹni tí mo kírun òkú fún ń rìn kiri, Gbénga lorúkọ rẹ̀, ará Òkè Bọ́lá, n ò sì mọ ibi tí wọ́n ń kọ irú ìrun bẹ́ẹ̀ sí lọ́run. Mo ní kí Muhydeen gba nọ́ńbà rẹ̀. Ní àràárọ̀, bí a bá ti kírun àsùbáà, a máa ń pè é. Á ní ẹ káàárọ̀ bàbá, mo ṣì wà láàyè. Màá ní àlùhàmúdúlílà, n óò wá jẹ ẹ̀kọ mi. Muhydeen ní òkú tòótọ́ gan-an kì í náni tó báyìí, pé káàdì fóònù òun ń tán. Èmi náà sì ti ń fi fìlà bo ojú fóònù rẹ̀ bó bá wá jókòó tì mí, torí n ò mọ ohun tí ẹni inú rẹ̀ ń wò.

Mo wá ń rò ó. Olùdarí sọ fún èèyàn pé kú, onítọ̀hún sì kú. Ó sọ fún ẹlòmíràn pé jalè, ó jalè. Lọ́jọ́ àlùkìyáámà tí wọ́n bá kó gbogbo wọn jọ síwájú rẹ, kí lo máa wí? Ìyá rẹ ní wọ́n máa ń ní kí wọ́n dìde. Mo ní bí ẹnì kan bá gbàgbé àtidìde ńkọ́? Ti oníkámẹ́rà tún wá burú jù lójú mi. Mò ń sunkún lọ́jọ́ yẹn, o rí mi, o ò wá dì mí mú. Mo wá ń bi ara mi pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ́ èmi náà sórí ẹní yẹn, ṣé wàá sunkún mi, àbí wàá gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, a pe Gbénga, kò gbé e. Obìnrin kan ló dáhùn ní èdè òyìnbó, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń túfọ̀. A tún pè, ó tún sọ ọ́. Mo bi obìnrin náà pé ìgbà wo ló kú, kò fẹ́ kí ó ti ẹnu òun jáde. N ò dúró de Muhydeen tó ń ṣàlàyé. Mo gba Mápó, mo gba Ọjà'ba, mo ra lọ́fíńdà kékeré kan tí a máa fi pa á lára, mo fi ẹsẹ̀ rìn gba Molete. Ọlọ́kadà kan ní kí n jẹ́ kí òun gbé mi, mo ní òkú kan tó fún ọjọ́ kan.

Iwájú ilé rẹ̀ ni mo ti bá Gbénga, ó ń sá ṣòkòtò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú lọ́fíńdà mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní Èkó ni òun lọ, fóònù òun ti kú. Mo ní kó má dárúkọ ikú létí mi mọ́. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù tí o fi rán an, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò sọ fún mi. Ó ní òwú ọjọ́ náà ti wọlé jù, wọ́n sì ti fi gèlè di àgbọ̀n òun pọ̀, òun ò lè mí, òun ò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ òun wà nínú aṣọ. Ìrun mi sì ń dùn mọ́ olùdarí, gbogbo ojú wà lára mi. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n kú, mo sì ń kú lọ. Karimat nìkan ló rí i pé àyà mi ò lọ sókè mọ́." Ó ní olùdarí bú ọ lẹ́yìn náà, pé o ti ba nǹkan jẹ́, pé oníkámẹ́rà kì í sọ̀rọ̀.

N ò rántí ọ̀nà tí mo gbà padà sílé. Èmi tí mò ń pe Ọlọ́run sókè orí rẹ̀, n ò rí nǹkan kan. Omi ti bo ojú mi. Ojú rẹ tó gbẹ ni èyí tó ríran.

Torí náà, oníkámẹ́rà ni mo yàn fún ọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ bí ó ṣe nira fún mi. Bàbá mi, àgbẹ̀ ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọkùnrin kan mú ìwé wá, ó ní kí bàbá mi tẹ ìka sí i pé kí òun gbin ẹ̀gẹ́ sí igun oko kan fún ọdún mẹ́ta. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà ò sọ igun kan, kò sì sọ ọdún mẹ́ta. Gbogbo wa ló wà nílé lọ́jọ́ náà, ọbẹ̀ àlejò là ń sè, ẹnikẹ́ni ò wò ó. Bí oko ṣe lọ nìyẹn. Láti ìgbà náà, n ò tẹ ìka sí nǹkan kan. Ìbò, n ò tẹ̀ ẹ́. Ọmọge báńkì kan ní Bẹẹrẹ ní kí n fi ìka lé ẹ̀rọ kí àwọn lè mọ̀ pé èmi ni èmi, mo ní èmi ti mọ̀, mo sì jáde.

Tìrẹ, màá tẹ̀ ẹ́. Fágbèmí ti ka fọ́ọ̀mù náà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní àpótí kékeré méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti olùdarí, ọ̀kan ti oníkámẹ́rà, pé ìwọ lo máa fi bírò sàmì sínú ọ̀kan nínú wọn, pé orí ìlà nísàlẹ̀ ni ìka tèmi wà. Mo ní orí ìlà nísàlẹ̀ ni wọ́n ti mú bàbá mi. Inú àpótí gan-an ni màá tẹ̀ ẹ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé nǹkan mìíràn ni mo gbà.

Ti páànù wá kù. Fi owó páànù méjì àti ìṣó ránṣẹ́, pẹ̀lú ti káàdì fóònù Muhydeen, kó má fi ojú burúkú wò mí mọ́. Gbénga ni kí o fi rán, má fi sínú fóònù. Wọ́n ní owó máa ń wọ ibẹ̀ láìṣí ilẹ̀kùn, ohun tó bá sì lè wọlé bẹ́ẹ̀ lè jáde bẹ́ẹ̀.

Ojú rẹ ò ní ṣú. Ẹnu tí o fi gba ọmọ ọlọ́mọ là, wọn ò ní rí i dí. Ibi tí wọ́n ti bú ọ ni wọ́n máa ti wá ọ wá. Lọ́jọ́ tèmi, Karimat, má jẹ́ kí wọ́n fi ẹkún kán ọ lójú. Kọ́kọ́ wò mí dáadáa. Wo àyà mi, wo imú mi. Bó bá ti dá ọ lójú, kí o wá sunkún.

Èmi Fágbèmí tún rèé. Bàbá ti tẹ fọ́ọ̀mù. Àtàǹpàkò tó ti di ọkọ́ mú fún àádọ́rin ọdún ni, ó sì bo àpótí méjèèjì pọ̀. Mo ní kí a wá fọ́ọ̀mù mìíràn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní àwọn ò ní tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní bí ilé ẹ̀kọ́ bá bi ọ́ pé èwo ni, kí o sọ fún wọn pé lọ́jọ́ òwú, ojú rẹ ló rí i, ẹnu rẹ ló sì sọ ọ́, kí àwọn náà wá yan ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá ilé ẹ̀kọ́ lè torí ẹ̀ lé ọ. Mo ní n ò mọ̀. Wọn ò tíì jẹun láti ìgbà náà.

Àmì àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún Màmúdù Àkànjí.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Kúlúsúmù, ìyàwó wọn, tó bá wọn di ọrùn ọwọ́ mú nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹlẹ́rìí kejì: Muhydeen, aránfìlà ní Àrẹ̀mọ, tó fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá fúnra wọn ló ṣí fìlà kúrò lójú fóònù, wọ́n ní kó yà á.