Hádì Tuntun Tó Wọ Inú Kọ̀ǹpútà Rẹ

Ekurede-Urhobo,
Warri.

Olúsànmí ọmọ mi,

Báwo ni Èkó? Báwo ni òtútù ẹ̀rọ tí ẹ ń jókòó sí nídìí ní ọ́fíìsì yín? Olúwa tó kó wa yọ nínú ìbọn àti iná kò ní jẹ́ kí òtútù ọ́fíìsì pa ọ́. Oúnjẹ tí o bá jẹ, yóò dára lára rẹ. Ọ̀nà tí o bá gbà lọ, ẹsẹ̀ rẹ ni wàá fi gbà á bọ̀. Ara wa le níbí. Àbúrò rẹ Ìyádùnní ń kí ọ, ó ti sanra díẹ̀, má sọ pé èmi ni mo wí. Ìlú ti rọlẹ̀. Àwọn ṣọ́jà ṣì wà lójú títì, àwọn ọmọkùnrin oníbọn inú odò sì wà nínú odò wọn, ṣùgbọ́n a ti ń bọ́ bàtà ká tó sùn.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ ni mo fẹ́ sọ, ìyẹn tí mo gbé sórí nígbà tí à ń sá fún ìjà àwọn ẹ̀yà Warri, tí mo fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná. Ìyádùnní fi ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé níwájú ilé, ṣùgbọ́n ó ti darúgbó. Tí a bá tàn án, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó gun òkè, kó sì tó lajú mo ti lè ro pupurú tán. Níkẹyìn ó ní òun kò gba nǹkan mọ́. Ìyádùnní ní òun máa nu àwọn fọ́tò àtijọ́ kúrò kí àyè lè gba iṣẹ́. Mo ní fọ́tò wo? Èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ ń yá lójúlé dé ojúlé kí ìjà tó dé, tó fi ẹ̀rọ pẹlẹbẹ yẹn kó wọn sínú kọ̀ǹpútà? Ó ní fọ́tò kì í ṣe oúnjẹ. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà náà, mo ní ẹni tó bá fẹ́ nu ènìyàn kúrò, èmi ni kó kọ́kọ́ nù.

Ni ó bá pe Festus, ọmọ Urhobo tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Agbassa. Festus wò ó títí, ó ní Mama, no vex, hádì dráífù don full, make we put bigger one. Ó yé mi kedere. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Hádì ló ń dráífù rẹ̀, iṣẹ́ ti wá kún ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fẹ́ mú Hádì mìíràn tó sígbọnlẹ̀ wá. Ojú tì mí. Ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nínú ilé mi látọjọ́ yìí, n kò bu omi fún un rí! Mo bi Festus bóyá Hádì tuntun á lè gbé gbogbo fọ́tò wa, ó ní á gbé e, àyè á tún ṣẹ́kù. Mo ní ọkùnrin gidi nìyẹn.

Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé mùsùlùmí ni, nítorí náà lọ́jọ́ tí Festus fẹ́ mú un dé, mo pọn omi sínú bútà fún àlùwàlá rẹ̀, mo tẹ́ ẹní sí yàrá rẹ, mo ro pupurú, mo se ẹja ọ̀bọ̀kún. Festus nìkan ló wọlé. Ó ní àwọn ṣọ́jà dá òun dúró, wọ́n ní irin wo lèyí, ṣé bọ́ǹbù ni, òun ṣàlàyé títí ẹnu òun fi gbẹ. Mo ní Hádì ńkọ́, ṣé wọ́n ti tì í mọ́lé ni? Ló bá yọ irin kan nínú ọ̀rá, kò ju ìwé orin lọ, ó ní Mama, na him be this. Olúsànmí, n kò rẹ́rìn-ín. Mo kí irin náà káàbọ̀. Ìyádùnní ló rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga. Festus ló jẹ oúnjẹ Hádì, ó sì fi omi àlùwàlá rẹ̀ fọwọ́.

Ó wá so ti àtijọ́ mọ́ tuntun, ó ní àwọn fọ́tò ti ń rékọjá. Àyà mi ń já, nítorí nígbà tí àwa náà ń fi ọkọ̀ ojú omi sá, gbogbo ẹrù kọ́ ló gúnlẹ̀. Mo ń pariwo bẹ àwọn oníná pé kí wọ́n má mú iná lọ. Wọn kò mú un lọ. Gbogbo wọn dé, kódà kọ̀ǹpútà náà kò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́.

Mo bá ránṣẹ́ sí Màmá Tosan, ìyá Ìtsẹ́kírì tí ògiri wa kan tirẹ̀. Wọ́n sun ilé rẹ̀ nínú ìjà yẹn, ó sá lọ sí Sapele. Ó ti padà sí ìlú, ṣùgbọ́n kò yà sí àdúgbò wa rí, ta ni yóò sì dá a lẹ́bi? Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé nǹkan rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ó dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò jókòó. Ìyádùnní ṣí fọ́tò ìyá rẹ̀ tó ti kú, ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n yà láyé rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn ìyá náà, ó ń wò wá. Màmá Tosan wọlé wá. Ó fọwọ́ kan ojú ìyá rẹ̀ lára gíláàsì kọ̀ǹpútà. Ó ní òun ti rò pé iná ti pa ìyá òun lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sílípáásì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, kò sí orin, kò sí ìlù. Festus náà dìde, ó ní Mama, I dey your back, ó ń jó tẹ̀ lé e. Èmi pẹ̀lú eékún mi yìí jó. Ìyádùnní ń sunkún, ó ń tẹ fọ́tò náà jáde, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti fẹ́ nu àwọn fọ́tò náà kúrò. N kò sọ ọ́ o, ìwọ nìkan ni mo ń kọ ọ́ sí.

Láti ìgbà náà, bẹ́ǹṣì iwájú ilé kò gba èrò mọ́. Urhobo, Ìtsẹ́kírì, Ìjọ̀, àwa Ìlàjẹ, wọ́n ń fara kan ara wọn, wọ́n ń wá ojú ènìyàn wọn. Jọ̀ọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra yíǹkì, èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ti ń tán lọ. Tó bá ṣẹ́kù, kí n fi ra bẹ́ǹṣì kejì.

Nǹkan kan ló ń dùn mí. Mo wo gbogbo fọ́tò náà tán, mo rí bàbá rẹ, mo rí Ìyádùnní láìní eyín, mo rí ajá wa pàápàá. Ìwọ ni n kò rí. Ìwọ lo máa ń ya gbogbo wa, kò sẹ́ni tó yà ọ́. Wá sílé, ọmọ mi, kí á yà ọ́.

Olúwa yóò ṣọ́ ojú rẹ fún mi títí màá fi rí i.

Èmi tí mo pọ̀n ọ́ títí o fi wúwo jù,
Màmá rẹ, Mojọlá.